Kọ́là Tó Fún Bàámi Lọ́rùn

Nígbà tí olóòtú wa ní kí n kọ nǹkan nípa ohun tí mo fi àkókò ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022 ṣe, ó rò pé iṣẹ́ télọ̀ tí mo kọ́ ni n ó kọ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí kọ́là ẹ̀wù ṣe kọ́kọ́ rí àìsàn tó fẹ́ pa bàbá mi, àti bí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá méjì ṣe jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ dá, nítorí náà mo kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, mo gba ilé lọ. Télọ̀ ni Bàámi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà nídìí ẹ̀rọ. Ó ní ìwé kan tó máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, ìwọ̀n tirẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀: èjìká, àyà, apá, ọrùn. Ìǹṣì 15½ ni ọrùn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ ìwé kà.

Ní oṣù Kẹta, ó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó wọ ẹ̀wù funfun tó rán fúnra rẹ̀, bọ́tìnì òkè kò pàdé. Mo bú sẹ́rìn-ín.

“Bàámi, ẹ ti ń sanra o.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú téèpù, ó wọn ọrùn rẹ̀, ó ní kí n ka ohun tí mo rí. Ìǹṣì 16½ ni.

“Àbẹ̀kẹ́,” ló wí, “ẹni tó bá ń sanra, ikùn rẹ̀ ni téèpù máa ń kọ́kọ́ rí. Ikùn mi kò kúrò lójú kan. Ọrùn mi nìkan ló ń sanra.”

Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó kọ ọjọ́ sí i. Ó ṣí bọ́tìnì náà sílẹ̀, ó lọ sóde.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ á wú, ìpéǹpéjú rẹ̀ á nípọn. Títí di ọ̀sán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sílẹ̀. Màámi ní oorun kò tó o ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti mú abẹ́rẹ́ tó já bọ́, á ní orí òun kún bí ìgbà tí wọ́n bá rọ omi sínú kèrègbè. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò bọ́ mọ́. Ikọ́ dé, ohùn rẹ̀ sì há. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ó dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà. Nígbà tó máa dìde, ojú rẹ̀ ti dúdú, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àwọn méjì ló gbá a mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé kò tíì jẹun ni. Láìpẹ́, kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Orí àga ìjókòó wa ló ń sùn.

Èmi ni mo lọ sí kẹ́mísì. N kò ní í fi èyí pamọ́. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní erùku aṣọ ni ara Bàámi kò gbà. Ó kó Piriton fún mi, ó sì ka oògùn wẹ́wẹ́ funfun kan mọ́ ọn. Kò tó ọjọ́ márùn-ún tí ojú Bàámi lọ sílẹ̀, tó sì sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Oògùn tán, wíwú náà padà dé, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo tún lọ rà á. Ó tún fà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ sí kẹ́mísì yẹn.

Lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, Màámi bá a bu omi ìwẹ̀, ó sì pariwo pè mí. Iṣan ti yọ sí gbogbo àyà Bàámi, wọ́n rí wíníwíní láti èjìká dé ìhà, bí gbòǹgbò igi tí òjò ti ṣán ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ. Téèpù wí pé ìǹṣì 17½. Àbúrò Màámi tó wà nílé lọ́jọ́ náà ní ojú lásán kọ́, pé ká kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí òun mọ̀. Màámi ń so gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “A ó máa gbàdúrà lójú ọ̀nà ilé-ìwòsàn.”

Ilé-ìwòsàn ńlá kan la gbé e lọ. Dókítà tó dá wa lóhùn jẹ́ obìnrin, kò sì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Kì í ṣe Yorùbá. “Ẹ káàárọ̀” àti “Ṣé ó ń dùn yín?” ló gbọ́. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dáhùn, Bàámi ti mú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ jáde láti inú àpò. Dókítà náà ka ojú-ewé àkọ́kọ́ tán, ó tún un kà. Ọrùn, ọjọ́, ìǹṣì. Ọrùn, ọjọ́, ìǹṣì. Ó fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ Bàámi, kò wú. Ó ní bó bá jẹ́ ọkàn ni, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wú. Ó wá ní kí Bàámi na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí wọ́n kan etí rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ojú rẹ̀ kún, tó dúdú, tí iṣan ọrùn rẹ̀ sì yọ. Kíá ló ní kó sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ó sọ fún èkejì rẹ̀ pé superior vena cava obstruction ló jọ. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n ṣàlàyé fún bàbá mi.

Mo wà ní ọdún kẹta nígbà náà. Mo ti gba iṣẹ́ ìtúmọ̀ sáà méjì, mo sì ti gba A nínú ọ̀kan. Mo gbẹ́nu sókè, mo ní:

“Bàámi, wọ́n ní iṣan yín kan ló dí.”

Bàámi wo ẹsẹ̀ rẹ̀. “Iṣan? Iṣan kankan kò dùn mí. Ọrùn ni mo ní.”

Ẹ̀yin náà mọ ìṣòro ibẹ̀. Nínú èdè wa, iṣan ni èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, iṣan ni èyí tó wà lẹ́yìn orúnkún, iṣan ni ẹni tó bá sáré jù máa ń sọ pé ó fà. Ọ̀rọ̀ kan ló ń ru ẹrù gbogbo wọn. Mo tún un sọ, mo ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ ríru?” Mo ní rárá. Òógùn bò mí.

Dókítà náà fa ìwé kan jáde, ó yàwòrán. Iṣan ńlá kan wà nínú àyà wa lápá ọ̀tún, òkè ọkàn gan-an. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Òun ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ti orí, ọrùn àti apá méjèèjì ń bọ̀ máa ń gbà padà sínú ọkàn. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, agbára tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ fi ń ṣàn kò sì pọ̀, nítorí náà ohun tó bá tì í díẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ pa. Bí ọ̀nà ibẹ̀ bá há, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sí orí, kò ní í rí ọ̀nà dáadáa padà. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń wú láàárọ̀ lẹ́yìn ìdùbúlẹ̀, tó sì ń fà sílẹ̀ bí ènìyàn bá ti dìde dúró fún wákàtí mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí bíbẹ̀rẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ fi ń ni ín lára.

Mo ń túmọ̀ ọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàámi tẹjú mọ́ àwòrán náà bí ẹni tó ń wo sítáì tuntun tí oníbàárà gbé wá. Ó wá béèrè ìbéèrè kan:

“Ṣé nǹkan ló dí i nínú ni, àbí nǹkan ló ń fún un láti ìta?”

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Dókítà náà gbé báírò sílẹ̀. Ó ní ìbéèrè náà gan-an nìyẹn, pé ohun tí àwọn fẹ́ fi àwòrán CT wá nìyẹn.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì fi obstruction kan ṣoṣo bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì, mo sọ pé “ó dí”, mo sì ti fi ẹnu mi pinnu ohun tí dókítà fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Bàámi kò ka ìwé kọjá oníwèé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé dí kì í ṣe fún. Ó fi ṣòkòtò ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: bí okùn kò bá kọjá lójú okùn ṣòkòtò, ó lè jẹ́ pé òwú ló wọ́ jọ síbẹ̀ tó dí i, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó rán an ló fi ìrán tẹ ibẹ̀ jù, tó fún un. Bí o bá ń fi abẹ́rẹ́ wá òwú níbi tó jẹ́ pé ìrán ló fún un, ilẹ̀ á ṣú bá ọ.

Bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn nínú àyà. Ohun tó lè dí i nínú ni ẹ̀jẹ̀ tó dì. (Ẹ kíyè sí ohùn: ẹ̀jẹ̀ tó dì ló ń dí ọ̀nà.) Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan ńlá wọn fún ìtọ́jú kíndìnrín, tàbí àwọn tí wáyà ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù wà nínú iṣan wọn. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni irú wọn máa ń gbà, nígbà mìíràn wọ́n á yọ rọ́bà náà. Ohun tó ń fún un láti ìta sábà máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ, pàápàá ti ẹ̀dọ̀fóró, àti èyí tí wọ́n ń pè ní lymphoma, tó máa ń mú àwọn kókó ara. Ìtọ́jú tirẹ̀ ni pé kí a bá ohun tó ń fún un jà. Àìsàn náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1757 ni William Hunter, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ nípa ọkùnrin kan tí iṣan ńlá mìíràn wú nínú àyà rẹ̀ tó sì fún èyí pa. Fífún náà ni.

A ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan nínú mẹ́ta láti san owó àwòrán CT. Wọ́n fa oògùn tó máa ń hàn nínú àwòrán sí iṣan rẹ̀, wọ́n tì í wọ inú ẹ̀rọ náà. Àbájáde fi hàn pé kókó ńlá kan ti hù sí iwájú àyà rẹ̀, ó fún iṣan náà títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú rẹ̀. Àwọn iṣan tó yọ sí àyà rẹ̀ yẹn, ẹ̀bùrú ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí i pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà lójú títì, ó yà sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Dókítà ní nítorí pé nǹkan náà rọra dé ni ara fi ráyè la ẹ̀bùrú wọ̀nyẹn, pé àwọn ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là di ọjọ́ náà.

Ìgbà yìí ni Màámi bẹ dókítà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún un ní oògùn kẹ́mísì yẹn ná, pé ó máa ń jẹ́ kó sùn. Dókítà béèrè pé oògùn wo. Páálí rẹ̀ wà nínú báàgì mi. Prednisolone ni. Dókítà náà dákẹ́ díẹ̀ kó tó ṣàlàyé. Ó ní bó bá jẹ́ lymphoma ni, oògùn náà lè mú kí kókó náà fà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, kí ojú lọ sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti tán, kó sì padà wá. Èyí tó tún burú ni pé ó lè ba ohun tí wọ́n fẹ́ rí lábẹ́ ẹ̀rọ awò jẹ́, tí wọn kò fi ní í mọ irú àìsàn tó jẹ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Bàámi bá ṣì ń mí dáadáa, tí ọpọlọ rẹ̀ sì já geere, àwọn ó kọ́kọ́ gé díẹ̀ lára kókó kan ní ọrùn rẹ̀ fún àyẹ̀wò kí àwọn tó fún un ní oògùn náà. Bí ọ̀fun rẹ̀ bá fẹ́ pa dé, tàbí tí kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́, àwọn kò ní í dúró. Wáyà híhun kan wà tí wọ́n ń pè ní stent, tí wọ́n lè gba inú iṣan itan tì dé ibi tó há náà, tí yóò là á sílẹ̀.

Wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ti fa omi sí i lára, nítorí pé ohun tí wọ́n bá fà sí apá yóò bá ọ̀nà tó há pàdé. Mo jókòó tì í lóru náà. Mo ń ka bó ṣe ń mí. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ó bi mí pé kí ló dé tí mo ń sunkún. Mo ní èmi ni mo lọ ra oògùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

“Ìwọ lo rà á,” ló wí pẹ̀lú ohùn tó há náà. “Èmi ni mo gbé e mì. Sùn.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n pa ibì kan lókè egungun èjìká rẹ̀ lára, wọ́n mú kókó kan níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fún un ní oògùn tó jẹ́ kí wíwú náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì tó jáde. Lymphoma ni lóòótọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ọjọ́ 21, ọjọ́ 21, nígbà mẹ́fà. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà pupa bíi sóbò, ìtọ̀ rẹ̀ á sì pupa lẹ́yìn rẹ̀. Irun rẹ̀ re. Àwọn oníbàárà kan kó aṣọ wọn lọ. Ẹ ó sì rántí prednisolone: ó wà lára oògùn náà! Òun ni wọ́n ní kó máa lò fún ọjọ́ márùn-ún nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan. Oògùn kan náà tí mo rà ní kẹ́mísì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀, ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ tó bá a rìn, àwọn tó fún un sì mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ọ̀sẹ̀ tí ASUU dá ìyanṣẹ́lódì dúró ní oṣù Kẹwàá ni ó gba ìkẹfà. Mo padà sí kíláàsì ní ọjọ́ tí téèpù wí pé ìǹṣì 15½.

Ohùn rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ nínú iṣan àyà rẹ̀ ṣì ń hàn bó bá bọ́ ẹ̀wù. Ẹ̀rọ méjì ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣì ń lọ ṣàyẹ̀wò.

Bí ọrùn, ojú tàbí apá ẹnì kan nínú ilé yín bá ń wú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì wú, bí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ tàbí fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, bí iṣan bá ń yọ sí i láyà, ẹ má ṣe dúró ní kẹ́mísì bí mo ti ṣe. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ara bá sì fúyẹ́ lẹ́yìn tó lo oògùn tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fún un, ẹ má tíì dúpẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ ti ẹ̀ka wa. Púpọ̀ nínú wa ni yóò dúró láàárín dókítà àti òbí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n á ní kó túmọ̀. Kí ẹ tó sọ èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi lé yín lẹ́nu, ẹ bi aláìsàn léèrè pé kí ni òun ń pè é. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe fi ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn aláìsàn ń lò fún ara wọn ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi. Dí, fún, há, wú, ta, rọ, fà: ẹ ò rí i pé wọn kì í ṣe nǹkan kan náà.

Bàámi ṣì ń wọn ọrùn rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá wà nílé, èmi ni mo máa ń mú téèpù.